Ọkọ Oníkọ́ Tí Kì í Mutí

Imú ni bàbá mi fi ń yan ọkọ fún àwọn ọmọ wọn. Mi ò ṣàwàdà o. Àwọn ọdún 1980 ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, Bódìjà là ń gbé, àwa obìnrin méjì péré ni wọ́n bí, ẹ̀gbọ́n mi àti èmi. Kò sí ọkùnrin tó máa wọ pálọ̀ wa nítorí ẹ̀gbọ́n mi tí bàbá mi ò ní kọ́kọ́ fà mọ́ra bí ẹni pé wọ́n ti ń wá a tipẹ́, kí wọ́n sún imú mọ́ ọn lẹ́nu, kí wọ́n sì fà á símú dáadáa. Bí wọ́n bá gbóòórùn bíà, ó tán. Bí wọn ò bá gbóòórùn nǹkan kan, wọ́n á ní kí màámi gbé máàtì tútù wá fún àlejò. Imú yìí ló yan ọkọ fún ẹ̀gbọ́n mi, imú yìí náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ bínú nínú ẹbí, kó jókòó kó máa bínú.

Díákónì ni bàbá mi ní ìjọ Onítẹ̀bọmi tí à ń lọ. Òkè-Ògùn ni wọ́n ti wá ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Sẹkitéríàtì, àwọn ni wọ́n sì fi ṣe alága ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti ọtí nínú ìjọ. Lóṣooṣù, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á kó àwa ọ̀dọ́ jọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ká má purọ́, ìtàn wọn dùn. Wọ́n á sọ bí òyìnbó ṣe fi ọkọ̀ ojú omi kó jíìnì wá, tí wọ́n fi ń gba epo àti èèyàn lọ́wọ́ àwọn ọba wa. Wọ́n á sọ bó ṣe jẹ́ pé, nígbà tí àwọn èèyàn wa náà mọ bí wọ́n ṣe ń se ògógóró láti inú ẹmu, òyìnbó kan náà ló sọ pé kò bófin mu, tí ọlọ́pàá ń wọ́ ìyá arúgbó lọ sẹ́wọ̀n nítorí ìkòkò kan, tí jíìnì tiwọn sì wà lórí káńtà ṣọ́ọ̀bù, tó ń dán gbinrin. Wọ́n á sọ bí wọ́n ṣe ní àwọn sójà tó ti ogun Bọ́ọ̀mà dé ló kó irúgbìn igbó wálé. Láti ibẹ̀ wọ́n á bọ́ sórí ẹ̀dọ̀ tó ń jẹrà, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ilé tó ń dà. Wọ́n á wá parí ẹ̀ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Gbogbo rẹ̀ ni bàbá mi mọ̀. Àmọ́ ohunkóhun tó bá ti wà nínú ìgò tí wọ́n kọ oògùn sí lára, wọ́n gbà pé Ọlọ́run ló fọwọ́ ara rẹ̀ rọ ọ́ síbẹ̀.

Ẹ wo ilé wa náà. Màámi ní tọ́níìkì kan tí wọ́n ní ó ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀. Ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lálẹ́ ni wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀. Ife ni màámi fi ń mu ún. Tí wọ́n bá ti mu ún tán, ojú wọn á máa dán, wọ́n á gbé orin ẹ̀mí, wọ́n á dárí ji gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ yẹn. Mo ka ara ìgò náà lọ́jọ́ kan, mo rí iye ọtí tó wà nínú rẹ̀, ó ju ti bíà lọ fíìfíì. Mo kà á sókè kí bàbá mi lè gbọ́. Wọ́n ní kí n gbẹ́nu mi dákẹ́, pé ọtí inú oògùn kì í ṣe ọtí. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú, ìyẹn kò lè jí kó má da ìyẹ̀fun oògùn orífífọ́ sórí ahọ́n. Tó bá di ọ̀sán tí wọn ò rí i lá, ariwo tí wọ́n máa pa, ará Agbowó á gbọ́. Nǹkan kan ò sì ṣe orí yẹn o. Àìlá oògùn náà ló ń fọ́ ọ. Ilé àwọn tí kì í mutí nìyẹn, ẹ kú ìnáwó.

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Agbowó, níbi tó ti ń ránṣọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ débi pé àwọn ìyàwó olùkọ́ yunifásítì ń sọdá wá bá a. Ohun kan ló kù díẹ̀ káàtó fún un: kì í fọhùn. Bí o bá tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, òun ló máa bẹ̀ ọ́. Èmi tí mo tẹ̀ lé e ni Ọlọ́run kó ẹnu àwa méjèèjì fún.

Ó rí ọkùnrin kan tó fẹ́ràn. Tíṣà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́nà Ring Road, ó ga, ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó wá sílé wa, bàbá mi fà á mọ́ra, wọn ò gbóòórùn nǹkan kan, inú wọn dùn, máàtì dé. Wọ́n wá bi í pé, "Ṣé o máa ń mutí?"

Ọkùnrin náà gbé ife máàtì kalẹ̀. Ó ní, "Mi ò ní purọ́ fún yín, sà. Tí mo bá gbowó oṣù, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń jókòó, mo máa ń mu bíà kan. Ìyẹn náà ni, sà."

"Bíà kan ni gbogbo ọ̀mùtí fi ń bẹ̀rẹ̀," ni bàbá mi wí.

Wọ́n dìde, wọ́n ní ká gbàdúrà. Àdúrà yẹn gùn bí èyí tí wọ́n ń gbà lórí òkú. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín, tíṣà dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́ máàtì, ó sì lọ. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ wọ̀ọ̀wọ̀. Mo ní, "Lọ sọ fún bàbá pé ẹni tí o fẹ́ nìyẹn!" Ó ní, "Bàbá ni, kí ni kí n sọ fún wọn?" Inú bí mi gan-an. Ọkùnrin tó sọ òótọ́ nínú pálọ̀ díákónì, òótọ́ náà ni wọ́n fi lé e jáde.

Kò pẹ́ tí àgbà ìjọ kan fi mú ẹlòmíràn wá. Ọ̀gá kékeré ni ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀. Aṣọ rẹ̀ mọ́, bàtà rẹ̀ ń dán, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni pé ó ń tu ọmọ. Bí bàbá mi ṣe fà á mọ́ra, ó yíjú, ó fi áńkáṣíìfù funfun bo ẹnu, ó wúkọ́ kékeré kan. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Àyà mi ni. Láti kékeré ló ti ń ṣe mí." Ohun tí imú bàbá mi gbà ni oògùn ikọ́ tó dùn, tó tutù. Mo rí i tí ojú wọn là bí ẹni tó rí ohun tó sọnù he.

"Ọtí ńkọ́?"

"Ọtí kẹ̀, sà? Látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò tíì kàn mí létè rí."

Òótọ́ ló sọ. Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn, ọkùnrin yìí kò purọ́ fún wa rí. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè tó yẹ ni.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wá gbọ́ ìtàn ọtí bàbá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Iwájú ló jókòó sí. Bí bàbá mi ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀dọ̀, bẹ́ẹ̀ ni orí ọkùnrin yìí ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó tún ń gbé sókè, tó tún ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí a délé, bàbá mi ní, "Ẹ ò rí i bó ṣe ń mi orí? Ó ń gba ọ̀rọ̀ náà." Mo ní, "Bàbá, oorun ló ń kùn ún o." Wọ́n ní ẹnu mi gùn jù, pé bó ṣe gùn yìí ni kò ní jẹ́ kí n rí ọkọ.

Ẹ sì mọ̀ pé Yorùbá kì í fọmọ fọ́kọ láìṣe ìwádìí. Ilé mìíràn á béèrè bóyá wọ́n ń ya wèrè nínú ìdílé, bóyá wọ́n ń jalè, bóyá àrùn kan wà tí wọ́n ń fi pamọ́. Ní tiwa, bàbá mi ní gbogbo ìyẹn ti wà nínú ọtí: ẹni tí kò bá mutí kò ní jalè, kò ní ya wèrè, kò ní na ìyàwó. Nítorí náà, ìwádìí kan ṣoṣo ló kù. Wọ́n ní kí àbúrò wọn já lu ọkùnrin náà nílé ní Challenge láìsọ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n bojú wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àbúrò bàbá mi lọ láàárọ̀ Sátidé. Nígbà tí wọ́n máa padà dé, àpò ìrẹsì ló wà lórí wọn, ó ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ ní àárín pálọ̀, wọ́n fi ìbòrí nu ojú.

"Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo wo inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgò bíà kò sí níbẹ̀, kódà ìdérí rẹ̀ kò sí. Ìgò oògùn ló kún gbogbo ibẹ̀! Ọkùnrin tó ń tọ́jú ara rẹ̀ nìyí o. Mo wá tọrọ àwọn ìgò náà fún ìyàwó wa, ló bá kó gbogbo rẹ̀ fún mi."

Wọ́n tú àpò náà. Ìgò oògùn ikọ́ kéékèèké, aláwọ̀ igi, gbogbo rẹ̀ ti ṣófo, ó tàn ká orí kápẹ́ẹ̀tì. Màámi pariwo ayọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé: oyin ni màámi ń tà. Láti Òkè-Ògùn ni wọ́n ti ń gbé e wá fún wọn nínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á bù ú sínú ìgò kéékèèké, wọ́n á tà á fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn òṣìṣẹ́ Sẹkitéríàtì. Ìgò ni ìṣòro wọn látọjọ́ yìí. Ọlọ́run wá gbọ́ àdúrà. Ọkùnrin tó ń tọrọ ọmọ wọn ń mu oògùn ikọ́ débi pé ìgò kún ilé rẹ̀!

Láti ọjọ́ yẹn, ó di àṣà. Ní Sátidé, àfẹ́sọ́nà ẹ̀gbọ́n mi á dé pẹ̀lú àpò rẹ̀. Ọmọ ẹlòmíràn ń gbé iṣu wá kí àna, ó ń ro oko fún wọn. Tiwa ń gbé ìgò òfìfo wá. Màámi á fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n, wọ́n á bu oyin sí i, àwọn oníbàárà á sì máa yìn wọ́n pé oyin ikọ́ nínú ìgò oògùn ikọ́, ó bára mu. Mo bi màámi pé, "Ta ló ń mu gbogbo èyí?"

"Ṣé o fẹ́ kó máa wúkọ́ ni?"

"Màámi, ikọ́ wo ni oògùn tó tó báyìí ò tíì wò?"

"Ikọ́ tó le ni," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń fọ ìgò lọ.

Pólì ni mo wà nígbà náà, yàrá kan ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi yá ní Apẹ̀tẹ̀. Mo mọ irú ìgò yẹn. Àwọn ọmọkùnrin kan nínú ilé tí à ń gbé máa ń mu ún, odidi ìgò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wá jókòó síwájú ilé bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó kàn wọ́n mọ́ àga, eṣinṣin á máa rìn lójú wọn. Mo sáré wálé ní òpin ọ̀sẹ̀, mo sọ ọ́ fún bàbá mi. Wọ́n ronú sí i dáadáa. Wọ́n bi mí bóyá àwọn ọmọ náà máa ń mu bíà pẹ̀lú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nígbà míràn. Wọ́n ní, "O ò rí i? Bíà yẹn ló ń ṣe wọ́n." Ó tán. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń rán aṣọ ìgbéyàwó tirẹ̀. Ó ní, "Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kì í pariwo mọ́ mi." Òótọ́ nìyẹn náà. Ẹni tó ń sùn lórí ìjókòó, ibo ni yóò ti rí agbára pariwo?

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Máàtì ṣàn bí omi òjò. Àgbà ìjọ tó mú ọkọ wá dìde, ó fọwọ́ sí ọkọ ìyàwó lórí, ó ní kí gbogbo ọ̀dọ́ wo àpẹẹrẹ. Bàbá mi sunkún ayọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kó lọ sí Challenge.

Kò tó ọdún kan tí ọ́fíìsì Dùgbẹ̀ fi dá ọkọ rẹ̀ dúró, nítorí pé orí tábìlì ni ọ̀gá rẹ̀ máa ń bá a tó ti sùn lọ. Bàbá mi ní àwọn ọ̀mùtí ọ́fíìsì náà ló ń jowú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni fáànù inú yàrá wọn di àwátì, lẹ́yìn náà rédíò. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò bá maṣíìnì rẹ̀. Maṣíìnì tó fi ń jẹun! Ọkọ rẹ̀ ló tà á. Ó kúnlẹ̀ fún un, ó sunkún, ó ní àyà òun ni, pé òun máa rà á padà. Ẹ̀gbọ́n mi dárí jì í. Mo gbé ẹjọ́ náà lọ bá bàbá mi, mo ní ẹni tí imú yín yàn ti ta maṣíìnì ọmọ yín. Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ó mà sàn ju kó tà á mutí lọ." Ọlọ́run ló gbà wọ́n lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, pé bàbá mi ni wọ́n.

Ìgbà tí sójà gbàjọba padà, tí ọjà òkèèrè wọ́n, gbogbo wa la ń tò fún mílíìkì àti ọṣẹ. Oògùn ikọ́ náà wọ́n. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn nínú ọyẹ́, imú rẹ̀ ń ṣàn, egungun ń ro ó, inú ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò lè jókòó, kò lè dùbúlẹ̀. Ibà ni, ni àbúrò bàbá mi wí. Ọ̀tá ni, ni màámi wí. Bàbá mi pe àwọn ẹgbẹ́ aládùúrà ìjọ, wọ́n yí i ká, wọ́n gbàdúrà títí ohùn fi há wọn. Nígbà tí ìyẹn ò ṣiṣẹ́, bàbá mi wọ bàtà, wọ́n jáde lọ wá oògùn náà fún un. Díákónì tí kì í gba ẹ̀gbẹ́ ilé bíà kọjá, tó máa ń ré títì kọjá sí òdìkejì, òun ló ń ti ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì kan bọ́ sí òmíràn láti Dùgbẹ̀ dé Ring Road, nínú oòrùn, tó ń bẹ àwọn ọmọ kékeré ẹ̀yìn káńtà. Wọ́n rí i ra. Wọ́n wé e sínú ìwé ìròyìn, wọ́n fi há abíyá. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ìgò kan sẹ́nu níwájú wọn, kò gbé e kúrò títí tó fi gbẹ. Kò pẹ́, àágùn dáwọ́ dúró, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá."

Bàbá mi délé, wọ́n ní ẹ ò rí i bí oògùn ṣe ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu o." Bàtà wọn bà mí ní èjìká.

Nígbà yẹn ẹ̀gbọ́n mi ti bí ọmọbìnrin kan, ó ti ń rá kòrò. Ọyẹ́ mú ọmọ náà, ó ń wúkọ́, ikọ́ ọmọdé lásán tí oyin màámi fúnra rẹ̀ ìbá wò. Ní ọjọ́ Sunday kan, ẹ̀gbọ́n mi gbé e wá sí Bódìjà kí a jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Màámi ò fẹ́ kó da ìsìn rú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wọ ilé ìwẹ̀, màámi wo inú báàgì ọmọ, wọ́n rí ìgò oògùn tí bàbá ọmọ náà máa ń tọ́jú síbẹ̀. Oògùn tó fi ẹ̀rí hàn lójú gbogbo wa! Wọ́n bu ṣíbí kan fún un. Ó dùn, ọmọ lá ṣíbí, wọ́n tún bu díẹ̀ sí i.

Ọmọ náà sùn ní orin àkọ́kọ́. Ó sùn títí ìwàásù fi parí. Àwọn ìyá ìjọ ń bọ́ sẹ́yìn wá wò ó, wọ́n ń sọ pé ọmọ yìí gbọ́n, ọmọ díákónì ni lóòótọ́. Inú màámi dùn dé ẹ̀yìn ọrùn. A délé, a tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, a jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé lọ fún un lọ́mú.

Igbe tí mo gbọ́ látinú yàrá, mi ò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi lóhùn tó bẹ́ẹ̀. Ètè ọmọ náà ti dúdú. Ó ń mí, àmọ́ tó bá mí lẹ́ẹ̀kan, a ó dúró, a ó dúró, kó tó tún mí. A gbọ̀n ọ́n, a wọ́n omi sí i, kò lajú. Bàbá mi ò lè ki kọ́kọ́rọ́ bọ ọkọ̀ ìjàpá wọn, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́yìn, ó gbé ẹnu lé ẹnu ọmọ rẹ̀, kò gbé e kúrò títí a fi dé ọsibítù.

Dókítà ibẹ̀ jẹ́ obìnrin, kò jù mí lọ púpọ̀. Wọ́n gba ọmọ, wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n wá bọ́ síta bá wa.

"Kí ni ẹ fún un?"

"Oògùn ikọ́ lásán ni," ni màámi wí. "Èyí tó dáa gan-an. Ti bàbá rẹ̀ ni." Wọ́n fa ìgò náà yọ.

Dókítà kà á, wọ́n gbójú sókè. "Mà, wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ má fún ọmọdé. Kòdíìnì ló wà nínú rẹ̀. Ẹbí kan náà ni òun àti oògùn tí a ń gún fún ẹni tí a ṣiṣẹ́ abẹ fún kó má baà jẹ̀rora. Ó ń mú oorun wá, ó ń dí èémí, ó sì máa ń di bárakú. Báwo ni bàbá ọmọ yìí ṣe ń mu ún?"

Ẹ̀gbọ́n mi ló dáhùn, ó ń wo ilẹ̀. "Ìgò mẹ́ta, ìgò mẹ́rin lójúmọ́. Ó ti ń mu ún bẹ́ẹ̀ kó tó fẹ́ mi."

Màámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kọ́rídọ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò, mo mọ iye ìgò tí ọwọ́ wọn ti fọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi, Ọlọ́run á dárí jì wọ́n, bàbá mi sún mọ́ dókítà, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tún ọ̀rọ̀ ṣe.

"Ṣùgbọ́n kì í mutí o, dókítà."

Dókítà wò wọ́n. "Bàbá, mi ò béèrè ọtí lọ́wọ́ yín."

Nírọ̀lẹ́ ni ọmọ náà sunkún. Mi ò tíì gbọ́ orin tó dùn tó igbe yẹn láyé mi. Gbogbo wa bú sẹ́kún pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ò padà sí Challenge mọ́. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ wá gbé ọkùnrin náà, wọ́n mú un lọ sí ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú irú wọn, ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò ní purọ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni lóòótọ́. Nígbà tó ń rì, etí odò la dúró sí tí à ń pàtẹ́wọ́ fún un pé ó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Àwọn ìgò tó kù nílé, màámi dà wọ́n sí ààtàn, àwọn oníbàárà sì ń ráhùn pé oyin ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Tọ́níìkì wọn ń lọ ní tirẹ̀ o. Bàbá mi náà kò fi ìtàn ọtí sílẹ̀. Láti orí jíìnì òyìnbó dórí sójà Bọ́ọ̀mà, kò sí gbólóhùn kan tí wọ́n yọ, kò sì sí gbólóhùn kan tí wọ́n fi kún un.

Tíṣà yẹn ti fẹ́ ẹlòmíràn. Mo máa ń rí òun àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ní ọ̀nà Ring Road. Bíà rẹ̀ kò tíì di méjì.

Èmi náà ni ó wá kàn. Ọkùnrin kan láti Ẹlẹ́yẹlé wá sílé wa nítorí mi. Bàbá mi dìde, wọ́n fà á mọ́ra, wọ́n sún imú mọ́ ọn. Mo wò wọ́n, mo ní ní ọkàn mi pé èèyàn kì í kọ́gbọ́n nílé yìí láé. Máàtì dé. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní igun pálọ̀ nídìí maṣíìnì tuntun tí a dáwó rà fún un, ọmọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó ń fi òwú ṣeré. Bàbá mi tún jókòó dáadáa, wọ́n na ọrùn.

"Ṣé o máa ń mutí?"

Ọkùnrin náà kò tíì lanu tí maṣíìnì fi dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbójú kúrò lára aṣọ ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ bi í bóyá ó máa ń wúkọ́."

Bàbá mi wo ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n wo ọmọ tó wà nílẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́. Nígbà tí wọ́n máa yíjú padà sí àlejò, ohùn wọn ti wálẹ̀, ó dà bí ohùn arúgbó.

"Ọmọ mi, ṣé o máa ń wúkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà rú ọkùnrin náà lójú. Ó wò mí, ó wò wọ́n. "Rárá o, sà. Bíà ni mo máa ń mu, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

Bàbá mi fọwọ́ nu ojú.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Mu máàtì rẹ."